Obìnrin Yasidi Tí Mo Kọ́ ní Mọ́tò Wíwà

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Marietta ni pé mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo bá wá sí Amẹ́ríkà. Àwọn arúgbó ni mo kọ́kọ́ ń tọ́jú, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ọkọ mi ló sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tó o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ gbogbo obìnrin mọ́ṣáláṣí wa ní mọ́tò tán, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ diṣẹ́?" Bí mo ṣe lọ gba ìwé àṣẹ nìyẹn. A ra mọ́tò kékeré kan tó ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń kọ́: ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ìyá ọlọ́mọ láti Sòmálíà, àgbàlagbà tí ọkọ rẹ̀ kú tí kò sí ẹni tí yóò máa gbé e lọ sọ́jà mọ́. Ní agbègbè wa níbí, ẹni tí kò bá lè wa mọ́tò, àfi bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà jìnnà sí ibi tí ilé wà, bọ́ọ̀sì kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá.

Ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn lọ́wọ́ ló pè mí lórí fóònù.

"Aunty, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ẹnì kan fún yín. Ọmọ dáadáa ni. Òun àti màmá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Yasidi ni wọ́n."

"Kí ló ń jẹ́ Yasidi?"

"Ará Ìráàkì ni wọ́n, ma. Wọn kì í ṣe Lárúbáwá, wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn kì í sì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n ní ẹ̀sìn tiwọn lọ́tọ̀ láti ayébáyé. Ẹ ṣáà lọ bá mi kọ́ ọ."

Mo lọ. Híjáàbù mi aláwọ̀ búlúù, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ni mo wé lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, ìborùn funfun tín-ín-rín wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó rí mi dáadáa. Ó wo ojú mi, ó wo orí mi, ẹ̀rín náà sì kúrò. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí lẹ́ẹ̀kejì.

Mo padà sínú mọ́tò, mo jókòó, mo pe ọmọ Yorùbá tó rán mi wá. Bó ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ké.

"Háà! Aunty, ẹ forí jì mí. Ó yẹ kí n ti sọ fún wọn, kí n sì ti sọ fún ẹ̀yin náà." Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní lọ́dún 2014, àwọn ọkùnrin tó gbé àsíá dúdú ya wọ ìlú àwọn Yasidi lábẹ́ òkè Sinjar. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì kó àwọn obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀yà náà pa rẹ́ lórí ilẹ̀ ayé. "Orúkọ Ọlọ́run tí ẹ̀yin náà ń pè, Aunty, òun ni wọ́n ń pè bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ó dùn mí, mi ò lè purọ́. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn fún wọn.

"Bóyá ìyẹn ló dáa," ó ní. "Ìwọ ò ṣẹ̀ wọ́n, àwọn náà ò sì ṣẹ̀ ọ́."

Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Ohùn obìnrin ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, ó sì ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Èmi ni ọmọ ìyá tó tilẹ̀kùn mọ́ yín. Màmá mi ò jẹun látàná. Ó ní òun lé àlejò lẹ́nu ọ̀nà, pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá mu tíì."

Mo ní, "Màá wá. Àmọ́ mi ò lè bọ́ híjáàbù mi o. Ṣé kò ní dà yín láàmú?"

Ó wá ní, "Ẹ má bọ́ ọ. Èmi ni mo máa kọ́ bí màá ṣe máa wò ó."

Bí mo ṣe padà nìyẹn. Wọ́n gbé tíì fún mi nínú ife gíláàsì kékeré, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ìyá fúnra rẹ̀ yan. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni híjáàbù tí mo wé lọ́jọ́ yẹn. Ìyá wò ó, ó sọ nǹkan ní èdè wọn, ọmọ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ní èyí dáa ju tàná lọ. Àwọn àgbà wa kì í wọ búlúù. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa."

"Áà! Ṣé bí mo ṣe kó híjáàbù àti búlúù pọ̀ wá nìyẹn!"

Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún ìyá rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń pè mí ní Háltí. Ó ní ohun tí wọ́n ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni nìyẹn lédè àwọn.

Ó mọ ẹ̀kọ́ gbà. Inú parking lot ilé ìjọsìn kan tó máa ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé sáàárín ìlà méjì, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sunkún lé lórí. Ẹ̀rù títì ńlá nìkan ló ń bà á. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yóò di sítíárìn mú bíi pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan la wà lójú títì tó lọ sí Roswell. Ó ń wa mọ́tò lọ jẹ́jẹ́, a sì ń sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ro ọbẹ̀ tòmátì. Àfi bí ìpèrun ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù mi lójijì, tòun ti ariwo. Mo ti gbàgbé láti pa á. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírí láàárín títì. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fọn fèrè, ó yà fún wa ní díẹ̀ báyìí. Mo sọ pé, "Rọra. Ẹsẹ̀ kúrò. Yà sọ́tùn-ún." Ó yà wọ iwájú ilé ìtajà táyà kan. Mo pa fóònù náà. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí sítíárìn, ojú rẹ̀ sì ń wo ògiri tó wà níwájú wa.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi. Mi ò bèèrè, òun ló fẹ́ sọ. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lòun nígbà tí wọ́n dé. Màmá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó kéré jù ti bá àwọn kan sá gun orí òkè, níbi tí wọn ò ti rí omi mu. Òun, bàbá rẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí ibi sá lọ. Wọ́n kó bàbá àtàwọn ẹ̀gbọ́n wọ ọkọ̀, kò sì tún rí wọn mọ́ títí dòní. Wọ́n ta òun fún tọkọtaya kan. Ó ní ọkùnrin yẹn burú, pé òun ò ní sọ ìyẹn fún mi, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ gan-an ni kò kúrò lọ́kàn òun. Ìyàwó yìí ló máa ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà. Bó bá gbọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè rẹ̀, yóò lù ú. Gbogbo ìgbà tí ìpèrun bá dún, obìnrin yìí a kọ́kọ́ kírun, lẹ́yìn náà á padà wá máa lù ú. Ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ló tó tún rí màmá rẹ̀.

"Háltí," ó ní, "ẹ̀yin náà ń kírun. Ẹ ń pe ọ̀rọ̀ kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lẹ máa ń bèèrè lọ́wọ́ Rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn yẹn kì í ṣe Mùsùlùmí, pé ẹ̀sìn wa ò rán wọn níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tó bi mí kọ́ nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé, "Mo máa ń bẹ̀ Ẹ́ pé kó ṣọ́ àwọn ọmọ mi, kó sì jẹ́ kí gbogbo ẹni tí mo bá kọ́ délé láyọ̀."

Ó ní, "Ìyẹn dáa." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá òun lè wa mọ́tò náà délé. Mo ní kò sẹ́ni tó máa bá a wà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pa ohùn fóònù mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò sọ fún un, kò sì bi mí. Àmọ́ nígbà tó yá, tí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ó déédéé yà wọ ẹ̀gbẹ́ ọgbà ìtura kan, ó sì pa iná mọ́tò. "Háltí, oòrùn ti ń lọ. Ṣé àkókò ìrun yín kọ́ nìyí? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ kí i. Màá dúró dè yín." Mo tẹ́ ẹní mi sórí koríko, mo kí ìrun alásárì. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ń jẹ èso àjàrà gbígbẹ nínú mọ́tò, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣèdánwò náà ló yege. Ìyá rẹ̀ wọ́n súìtì sí wa lórí lẹ́nu ọ̀nà bíi pé ìgbéyàwó ni. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Forest Park, ó sì ra mọ́tò àlòkù kan tí ọkọ mi bá a yẹ̀ wò. Mo rò pé iṣẹ́ tèmi ti parí, pé ìkíni nìkan ló kù láàárín wa.

Ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan. Ohùn rẹ̀ le.

"Háltí, wọ́n ti mú u."

"Ta ni?"

"Obìnrin yẹn. Ó sá lọ sí Yúróòpù, ó sọ fún wọn pé ogun lé òun náà. Ọlọ́pàá ti mú un. Wọ́n fẹ́ kí n jẹ́rìí."

Orí fídíò ló ti máa jẹ́rìí láti ọ́fíìsì lọ́yà kan láàárín ìlú Atlanta, tí àwọn adájọ́ yóò máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́yà náà ní òun máa fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, ó kọ̀. Ó ní, "Wọ́n ti gbé mi káàkiri tó. Èmi ni mo máa gbé ara mi lọ." Ohun tó bẹ̀ mí fún ni pé kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

A gbéra ní ìdájí, nítorí ọ̀sán ti ń pọ́n lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ní òun ò gba highway lọ́jọ́ yẹn, nítorí náà Cobb Parkway la tọ̀, láti iná ojú títì kan dé òmíràn. Ìyá jókòó sẹ́yìn nínú aṣọ funfun rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yọ sáàárín àwọn ilé gíga, ó dojú kọ ọ́, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹnu. Àdúrà àárọ̀ wọn ni. Ọmọ rẹ̀ dín eré kù títí ìyá fi ṣe tán, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn sì ń fọn fèrè sí wa. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn.

Ní ọ́fíìsì, wọ́n mú un wọ yàrá kan, wọ́n ní kí èmi àti ìyá jókòó síta. A ò gbọ́ èdè ara wa, yàtọ̀ sí tíì, búrẹ́dì, ó ṣeun. Mo ti mú tẹ̀sùbáà mi dání, àmọ́ abẹ́ híjáàbù ni mo fi í pa mọ́ sí, kó má baà bí ìyá nínú. Ìyá rí i pé ọwọ́ mi ń rìn. Ó na ọwọ́, ó sì fa ìlẹ̀kẹ̀ náà jáde. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó fi ìka yí ọ̀kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi padà, ó pa ìka mi dé mọ́ ọn, ó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn tí ọmọ rẹ̀ gbà wọlé. Ó ti yé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ọmọ náà ní gbangba, ìyá sì di ọwọ́ mi kejì mú, kò fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Nígbà tó jáde, omi ló kọ́kọ́ bèèrè. Ó mu ún tán, ó tún bèèrè òmíràn. Ìyá fọwọ́ kan ojú rẹ̀ káàkiri bíi pé ó ń wá ibi tó ti fara pa.

Nínú mọ́tò ló ti sọ fún wa. "Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni orúkọ mi. Obìnrin yẹn wà níbẹ̀, ó dorí kodò. Mo pe orúkọ mi, mo pe orúkọ bàbá mi, mo pe orúkọ bàbá bàbá mi. Wọn ò bèèrè èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èmi ni mo fẹ́ pè é. Ìgbà yẹn ló gbórí sókè. Háltí, kò gbọ́ orúkọ mi rí. Òun ló gbà á lọ́wọ́ mi kó tó mọ̀ ọ́n."

Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ló ti ṣi ọ̀nà, a bá ara wa lórí highway tó ní òun ò ní gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù yí wa ká.

"Háltí! Kí ni mo ṣe?"

"Kò sí ohun tó o ṣe. Dúró sínú lane rẹ, máa lọ."

Ó ń lọ. Ó pariwo díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín, ìyá náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn láìmọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ilé mi la já sí. Mo gbé jọ̀lọ́ọ̀fù fún wọn, mo sì ti dín ata rẹ̀ kù, síbẹ̀ ìyá wú ikọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó tún ní kí n bu sí i.

Ó pẹ́ kí ìdájọ́ tó jáde. Lọ́yà pè é lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti dá obìnrin náà lẹ́bi, ó ń lọ sí ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gígùn. Adájọ́ pe ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn Yasidi ní ìparun ẹ̀yà. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló tu òun lára ju ẹ̀wọ̀n lọ, nítorí àwọn kan ṣì ń sọ fún wọn pé ogun lásán ni, pé gbogbo èèyàn ló jìyà nínú rẹ̀. Mo bi í bó ṣe ṣe ayẹyẹ rẹ̀.

"Mo sùn," ó ní. "Mo délé, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́."

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ti tán o. Àbúrò rẹ̀ tó gun orí òkè lọ ṣì wà nínú àgọ́ ní Ìráàkì. Ilé wọn ṣì wó sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá àti ọmọ rẹ̀ ti fún àwọn tó ń hú òkú nínú ihò tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n pa sí ní ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n lè fi mọ egungun ọkọ ìyá àtàwọn ọmọkùnrin rẹ̀, wọn ò sì tí ì gbọ́ nǹkan kan. "Ilé ẹjọ́ dáa, Háltí," ni ohun tí ọmọ máa ń sọ, "ṣùgbọ́n àwọn tó ti padà sí abẹ́ òkè ńkọ́, ta ló ń ṣọ́ wọn?" Ó ń wá lọ́yà tó máa bá a mú àbúrò náà wá. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀.

Ohun tó wá ń gba ọkàn rẹ̀ báyìí ni àwọn ọmọdé. Àwọn Yasidi tó wà ní Amẹ́ríkà, Nebraska ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Àwọn tó wà ní Georgia, ìdílé bíi mélòó kan péré ni, wọ́n sì fọ́n káàkiri: ọ̀kan ní Marietta, òmíràn ní Clarkston, òmíràn lọ́hùn-ún ní Fayetteville. Àwọn ọmọ wọn ti ń gbàgbé èdè. Ó ta mọ́tò àlòkù rẹ̀, ó ra van. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, tí í ṣe ọjọ́ mímọ́ wọn, ó máa ń kó àwọn ọmọ náà láti ilé dé ilé. Inú van náà ni ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìyá á jókòó síwájú, á máa dá orin, á máa sọ ìtàn, àwọn ọmọ á máa gbè é láti ẹ̀yìn. Ó ní òun kì í bínú sí go-slow mọ́, pé bí ọ̀nà bá ṣe dí tó ni wọ́n ṣe ń rí orin kọ́ tó.

Mo rò ó sí ilé tèmi. Ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí síbí, sáré wọlé lọ́jọ́ kan pé, "Mummy, ọkọ yín ti bàjẹ́." Ọkọ mi tó ń jẹun lọ́wọ́ ní, "Èmi?" Mọ́tò ló ní lọ́kàn, ohùn ló ṣì pè. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ láti ìgbà yẹn, Yorùbá nìkan ni mò ń sọ fún un nínú mọ́tò. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, mi ò gbọ́ nìyẹn.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́ ọdún tuntun wọn bọ́ sí oṣù April. Wọ́n pè wá sí Fayetteville, nítorí ìdílé tibẹ̀ ló ní àgbàlá tó fẹ̀. Èmi àti ọmọ mi wọ van náà pẹ̀lú àwọn tó kù. Ní ìlú wọn, wọ́n máa ń fi ẹrẹ̀ lẹ òdòdó pupa àti èèpo ẹyin tí wọ́n pa láró mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà kí ọdún lè yabo. Òdòdó tiwọn ò sí níbí, ìyá sì já èyí tó máa ń tàn níwájú gbogbo ilé ní Georgia lásìkò yẹn. Ní ti ẹrẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa lẹ́yìn ilé, ó da omi sí i, ó pò ó.

"Onílé wa máa pariwo," bàbá ìdílé tibẹ̀ sọ.

"Kó wá bá mi," ni ìyá dá a lóhùn, ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Wọ́n gbé àga fún mi nítorí èmi ni mo ga jù. Mo gun un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ òdòdó, ìyá ń na ẹrẹ̀ sí mi láti ìsàlẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe pé kí n gbé e sókè díẹ̀ sí i. Nínú àgbàlá, àwọn ọmọdé ń fi ẹyin kan ẹyin láti mọ èyí tó máa fọ́. Ẹyin ọmọ mi ò fọ́. Wọ́n kí i lédè wọn, ó sì dá wọn lóhùn lédè wọn. Mo bi í pé kí ló sọ.

"Mo ní ẹ ṣeun, ẹ kú ọdún," ó ní, Yorùbá ni, ohùn rẹ̀ sì pé.